Ẹni Tó Gé Ìwọ́ Rẹ

Almaty,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdù.

Inkar, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀ láti ilé. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí ìdánwò àṣekágbá má ti fa gbogbo okun inú rẹ tán, kí o sì máa rí oúnjẹ gidi jẹ ní Astana níbẹ̀ yẹn, kó má jẹ́ búrẹ́dì òun tíì lójoojúmọ́. Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ṣì ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, ṣùgbọ́n kò gbà kí n mú òun lọ rí dókítà. Ó ní dókítà á ní kí òun má wa bọ́ọ̀sì mọ́, kí ni òun á wá máa wà, ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọdé? Igi ápù ẹ̀yìnkùlé wa tanná dáadáa lọ́dún yìí, kí òtútù tó padà wá lójijì, tó pa ìdajì òdòdó náà.

Ohun tí o kọ ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo pariwo, mo pe bàbá rẹ wọlé pé ọmọ wa ríṣẹ́ kó tó gbàwé ẹ̀rí! Mo wá ka ìlà tó tẹ̀ lé e, mo rí i pé Kulyash ló ni ilé-iṣẹ́ náà, mo sì jókòó. O ní orí ètò kọ̀ǹpútà wọn tó ń jẹ́ Tamshy gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ sí. O wá bi mí pé: "Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì? Àǹtí Kulyash ní bí ọmọ ìyá lẹ ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí a kì í dárúkọ wọn nílé?" Mo gbé fóònù láti pè ọ́, mo tún gbé e kalẹ̀. Mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó máa sun, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Jọ̀wọ́, kà á dópin kí o tó pè mí.

Yàrá kan náà ni èmi àti Kulyash sùn ní gbogbo ọdún tí a fi wà ní yunifásítì. Ìmọ̀ ìṣirò la jọ kà. Kóòtù òtútù kan ṣoṣo tó dáa ló wà láàárín wa, ẹni tó bá fẹ́ lọ pàdé ọkùnrin lọ́jọ́ náà ló ń wọ̀ ọ́. Kóòtù yẹn ni mo wọ̀ lọ pàdé bàbá rẹ. Nígbà tí mo fẹ́ bí ọ, òun ni mo yàn pé kó gé ìwọ́ rẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ò gbà. Ó bá wọn fa ọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn, wọ́n sì gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú àṣà wa: obìnrin tó bá gé ìwọ́ ọmọ ti di ìyá kejì fún un, ìwà rẹ̀ ni wọ́n sì ní ọmọ náà á mú. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí o ò sì dákẹ́ mọ́, gbogbo ilé ní, "Ẹ wo Kulyash kékeré!" Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ọ.

Àwa méjèèjì la dá Tamshy sílẹ̀ ní ilé ìwádìí tó gbà wá síṣẹ́. O ti mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà náà. Epo kò wà lábẹ́ ilẹ̀ bí omi ṣe ń wà nínú garawa. Inú òkúta ló há sí, omi iyọ̀ àti gáàsì sì ń tì í síwá sẹ́yìn. Kí àwọn elépo tó gbẹ́ kànga, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí epo náà máa rìn dé ní ọdún tó ń bọ̀ àti ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Tamshy ló ń bá wọn ṣírò rẹ̀. Ó ń gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ bí àpótí kéékèèké, àpótí náà sì ń pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà kan lè dá gbé lọ. La bá pín in fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kí wọ́n jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ ò mọ̀ pé a ti pín ilẹ̀. Bó bá dé ààlà kọ̀ǹpútà kan, kọ̀ǹpútà yẹn gbọ́dọ̀ sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Omi ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ o." Ìyá mi ní, "Àá, bí aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí àwa obìnrin jọ máa ń rán. Kálukú ń rán tiẹ̀, ṣùgbọ́n etí aṣọ gbọ́dọ̀ bára mu." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Etí aṣọ yẹn niṣẹ́ mi.

Iṣẹ́ tí kì í tán ni. Wọ́n á ra kọ̀ǹpútà tuntun, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá á dákú lónìí. Àwọn ará oko epo á ní àwọn fẹ́ nǹkan tí a ò ronú kàn rí. Èmi ni mo ń jókòó tì í, tí mo ń tún un ṣe. Kulyash ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ó máa ń sọ pé, "Raushan, ìwọ lo mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ronú, èmi ni mo mọ bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ronú. Èwo ló le jù?" Èmi á ní, "Ti ẹ̀rọ ni." Òun á ní, "Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ń ronú. Àwọn ọ̀gá ò ronú rárá, ìyẹn ló fi le." A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wa. Mi ò jowú rẹ̀ rí, Inkar. Ẹnu tirẹ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ tèmi ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe rí i nìyẹn.

Ìgbà ìkórè ọdún tí o bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kejì ni mo rí àṣìṣe náà. Oko epo kan wà ní ìwọ̀-oòrùn, lẹ́bàá Òkun Caspian, tí a ti ṣírò tiẹ̀ parí, tí wọ́n sì ti gba èsì lọ́wọ́ wa. Mo kàn fẹ́ dán nǹkan wò ni, mo bá tún ṣe ìṣirò náà, ṣùgbọ́n mo pín in fún ìwọ̀nba kọ̀ǹpútà díẹ̀ dípò ọ̀pọ̀ tí a lò tẹ́lẹ̀. Èsì méjèèjì ò bára mu. Ìyàtọ̀ díẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n èyí ju díẹ̀ lọ. Nínú ti àkọ́kọ́, epo ṣì kún ìhà ìlà-oòrùn oko náà. Nínú ti ìkejì, omi ti gbabẹ̀ kan. Mo wá a títí mo fi rí i: níbi tí òkúta ti là, tí ààlà kọ̀ǹpútà méjì sì bọ́ sórí ibi lílà yẹn, ọ̀kan ò sọ fún èkejì pé omi ń bọ̀. Omi náà dúró gbọin níbẹ̀ bí ẹni pé ògiri wà. Ìhà ìlà-oòrùn yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga sí.

Mo sáré lọ bá Kulyash ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ń fi eyín pa èso òdòdó oòrùn jẹ lójú fèrèsé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ẹnu rẹ̀ ń dúró díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Wò ó fúnra rẹ."

Kò wò ó. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. N ó pe Temirkhan lónìí yìí. Ìwọ lọ tún un ṣe ní tìrẹ."

Temirkhan ni àgbà onímọ̀ òkúta tó wà ní oko epo náà, ẹni tó ń pè mí lọ́mọ òun. Mo lọ, mo tún àṣìṣe náà ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo yọjú sí Kulyash pé, "Ṣé o ti pe bàbá yẹn?" Ó ní, "Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní a ṣeun, pé àwọn á wá ibòmíì gbẹ́." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bu èso òdòdó oòrùn sí mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́.

Ṣé o rí i, Inkar, àdéhùn iṣẹ́ ńlá kan wà láàárín ilé ìwádìí wa àti àwọn elépo náà tí wọn ò tíì fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Tamshy ṣe àṣìṣe, wọ́n lè má fọwọ́ sí i mọ́. Èmi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Òun mọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí yìnyín ti bo gbogbo ìlú ni Temirkhan pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Raushan, omi ni. Omi iyọ̀ lásán ló ń tú jáde. Wọ́n ti ní kí gbogbo àwọn tó ń gbẹ́ kànga máa lọ sílé, nínú òtútù yìí."

Mo ní, "Kànga wo? Ṣebí Kulyash pè yín?"

"Pè mí lórí kí ni? Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀, sà. Mo sì sọ fún Kulyash lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ti pè yín."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Lọ bi í," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo lọ bi í. Kò jiyàn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Raushan, wọ́n ti pe ìpàdé. Mo bẹ̀ ọ́, má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ìwọ bá sọ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀sùn ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń fi kan ara wọn. Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Wọ́n á bú mi, ó parí." Mo gbé e dìde. Mo nu imú fún un. Mo ní kò burú.

Bí ìpàdé náà ṣe lọ rèé. Ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí jókòó lórí àga ńlá, àwọn elépo jókòó lápá kan, àwa jókòó lápá kejì. Temirkhan wà láàárín àwọn tirẹ̀, ó gbé fìlà onírun rẹ̀ lé orúnkún. Ọ̀gá àgbà ní, "Ta ló mọ̀ nípa àṣìṣe yìí kí wọ́n tó gbẹ́ kànga?" Mo wo Kulyash, mo ń dúró dè é. Ó to ìwé iwájú rẹ̀ kó gún régé. Ó ní, "Raushan ló ń bójú tó apá yẹn, sà. Kò sọ fún mi."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni. Mo ní, "Kulyash, wo ojú mi." Ojú ọ̀gá àgbà ló ń wò. Mo bá dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn elépo bi mí pé, "Ta ló tún àṣìṣe náà ṣe?" Mo ní èmi ni. "Kí a tó gbẹ́ kànga ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Mo ní kí ẹ tó gbẹ́ ẹ ni. Ó ní, "Ìyá, ẹ mọ̀, ẹ dákẹ́, ẹ fọwọ́ ara yín bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá ní ẹlòmíì ló yẹ kó pè wá?" Létí ara mi, ó dún bí irọ́. Mo wo Temirkhan. Òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó pèpàdé. Ó wo fìlà rẹ̀. Kò gbójú sókè títí mo fi jáde.

Wọ́n lé mi. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára Tamshy. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn náà nígbà tí ojú ọjọ́ gbóná díẹ̀, nítorí wọ́n ti rí ẹni tó jẹ̀bi, wọ́n sì ti lé e. Mo gbọ́ pé orúkọ mi ni àwọn tó ń gbẹ́ kànga fi ń ṣépè nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé wọn lọ sílé. Mo wá di tíṣà ìṣirò. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ráhùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Kulyash kó Tamshy lọ sí Astana, ó fi dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo pàdánù kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn, Inkar. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni pé nígbà tó ń di ọwọ́ mi mú lójú fèrèsé yẹn, ó ti mọ̀ pé òun ò ní pe ẹnì kankan. Nígbà tí mò ń nu imú fún un, ó ti mọ ohun tí òun máa sọ. Mo ti yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́kàn mi lọ́pọ̀ ìgbà, mò ń wá ibi tó ti yẹ kí n rí i. Mi ò rí i.

Ohun tí o ò mọ̀ rèé: ó wá sílé wa ní ọjọ́ Nauryz tó kọjá yìí. Ó mọ ọjọ́ mú. Ta ló lè lé àlejò lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí ọdún tuntun wọlé, tí gbogbo èèyàn ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn? Ó gbé ẹran àgùntàn àti súìtì dání, irun iwájú rẹ̀ ti funfun. Bàbá rẹ wò ó, ó dé fìlà, ó ní òun ń lọ wo táyà bọ́ọ̀sì. Kò sí ohun tó ṣe táyà kankan. Mo bu ọbẹ̀ kójè ọjọ́ náà fún un, a jókòó.

Ó ní, "Raushan, ọjọ́ ìdáríjì lòní."

"Mo mọ ohun tí òní jẹ́."

Ó yí ṣíbí nínú àwo. "A ra àwọn kọ̀ǹpútà tuntun. Tamshy ò bá wọn ṣe. Apá tìrẹ ni. Àwọn ọmọ tí mo gbà síṣẹ́ ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan ní ńṣe lòun kàn ń kí i tí òun bá ti débẹ̀, òun á sì kọjá."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí. Mo ní, "Ṣé àforíjì lo wá tọrọ ni àbí àtúnṣe?"

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Méjèèjì."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é. Ó ní, "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ, kí wọ́n má bàa ti gbogbo wa pa. O ní ọkọ, o bímọ. Èmi, Tamshy nìkan ni mo ní. Mo mọ̀ pé ìwọ á lè fara dà á." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń yìn mí.

Mo ní, "Ó dáa. Má sọ ọ́ fún mi nìkan. Pe àwọn ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ jọ, pe ẹni tó bá ṣì wà láàyè nínú àwọn tó wà níbi ìpàdé yẹn, kí o sọ níwájú wọn pé mo sọ fún ọ. Lọ́jọ́ kejì n ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá ọ, n ó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

"Raushan mi, ó ti pẹ́. Ta ló ṣì ń rántí?"

"Èmi."

Ó dìde. Nígbà tó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Inkar wa ńkọ́? Kí ló kà?" Mo sọ fún un. Ìyá wo ni kò ní sọ? Mo ní ọdún yìí lo ń parí, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lo kà, o sì gbọ́n ju èmi àti òun lọ. Ojú rẹ̀ tàn yòò. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí ọ, ibi tí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ààlà sì ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ sí. Má ṣi mí gbọ́. Mi ò sọ pé o ò tó iṣẹ́ náà. O tó o, o tún jù ú lọ. Ṣùgbọ́n Kulyash mọ̀ pé bó bá ti sú ọ, o máa pè mí. O máa ní, "Màámi, kí lẹ ní lọ́kàn níbí yìí?" Ó sì mọ̀ pé n ó dá ọ lóhùn. Ohun tí mo kọ̀ fún un níbi àwo kójè, ọwọ́ ọmọ mi ló fẹ́ fi gbà á.

Mi ò ní kí o má lọ. O ti dàgbà, iṣẹ́ gidi ni, mo sì fẹ́ràn Tamshy débi pé inú mi ò dùn pé ó ń kú lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣe. Kí o tó fọwọ́ síwèé, nígbà tí àwọn tí ẹ ó jọ máa ṣiṣẹ́ bá wà níjokòó, bi í pé: "Àǹtí, ṣé màámi sọ fún yín, àbí wọn ò sọ?" Má ṣàlàyé nǹkan kan. Bó bá dáhùn pé "Ó sọ fún mi," gbaṣẹ́ náà, kí o pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, n ó kọ́ ọ ní gbogbo ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá sọ ohun mìíràn, ì báà dùn létí, ì báà sunkún, gbé báàgì rẹ. Bí o bá sì gbaṣẹ́ náà láìbi í, ọmọ mi ṣì ni ọ́, ilé ṣì nilé rẹ. Ṣùgbọ́n má pè mí lórí Tamshy. Mi ò ní gbé e.

Kí Ọlọ́run la ọ̀nà tó dán fún ọ. Kó fún ọ ní iṣẹ́ tí o ó fi ayọ̀ jí sí, àti ọ̀rẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ní yẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá nílò ẹlẹ́rìí. Kí ara rẹ má ṣàìsàn, kí ọkàn rẹ má sì le. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, pé ìbéèrè yòówù kí o bi, kí o kọ́kọ́ jẹun kí o tó bi í.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,

Raushan.

Mo tún rántí: apá kan ìbọ̀wọ́ awọ kan wà nínú ẹrù tí mo fi rán ìyá Daniyar, aládùúgbò wa tó ń bọ̀ ní Astana, lábẹ́ wàràkàṣì gbígbẹ àti jáàmù ápù. Ti Kulyash ni, ó gbàgbé rẹ̀ sórí àga wa lọ́jọ́ Nauryz. Fi ọwọ́ ara rẹ fún un, ohun yòówù kó dá ọ lóhùn. Ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò nígbà tí mo rí i. Lọ́jọ́ kan tí mò ń wo tẹlifíṣọ̀n, mo bojú wolẹ̀, mo rí i pé mo ti rán an tán.